Ohun Tí Bàbá Àgbà Mọ̀ Nípa Oòrùn

Gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà tí Bàbá Àgbà kú ló ń sọ pé aṣọ funfun Yábàá ti di ọmọ òrukàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, òótọ́ sì ni. Láti ẹ̀yìn ojú irin títí dé Sábó, ta ni kò mọ Súnmọ́nù Alágbàfọ̀? Èmi Sàfúrátù ni ọmọ ọmọ tó tọ́ dàgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun lónìí. Ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èrò kì í rọ̀ mí lọ́rùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀. Ilé ìwé tí mo lọ kò pọ̀, kí ẹ bá mi fara dà á. N kò ní kọ ibi tí wọ́n bí i sí tàbí ìgbà tó dé Èkó, àwọn àgbà ilé ti sọ ìyẹn tán. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, títí kan apá tí ẹnu kò gbà.

Kò sí ohun tí Bàbá Àgbà kì í sá sóòrùn. Aṣọ oníbàárà nìkan kọ́. Ẹní, ìrọ̀rí, ìwé kíkà mi tí òjò pa, àti èmi fúnra mi nígbà tí ikọ́ bá ń ṣe mí. Á tẹ́ ẹní fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ, á ní kí n kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kó lè fa ikọ́ náà jáde. Láàárọ̀, tó bá ti kírun tán, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á fi ọwọ́ ṣíji bojú, á sì wo ìlà oòrùn bí ọ̀gá tó ń wo òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Ó yá, bọ́ sídìí iṣẹ́."

Àwọn alágbàfọ̀ yòókù a máa po búlùú púpọ̀ sómi kí aṣọ lè funfun. Ìwọ̀nba ni tirẹ̀. Ó gbà pé bí aṣọ bá ṣe pẹ́ tó nínú oòrùn ni yóò ṣe mọ́ tó. Tí oníbàárà bá mú aṣọ tí àbàwọ́n rẹ̀ ti pẹ́ wá, tó ń bẹ̀rù pé bóyá kò ní jáde, Bàbá Àgbà á gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, á ní: "Ibi tí agbára ọṣẹ bá pin sí, oòrùn ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀tá rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbà bó bá ti kúrò ní Ìdó, èéfín rẹ̀ á sì máa rọ èédú wínníwínní sórí aṣọ funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Bí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, èmi àti ìyá mi á sáré ká aṣọ. Ní ti Bàbá Àgbà, ńṣe ni yóò lọ dúró létí ojú irin, á máa ju ẹ̀ṣẹ́ sí i, á máa bú u. Awakọ̀ kan wà tó mọ̀ ọ́n dáadáa, oníbàárà wa ni. Tó bá ti rí i lókèèrè, á fọn fèrè ọkọ̀ náà gan-an ni, kí inú Bàbá Àgbà lè túbọ̀ bí i. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ yìí á wá gba aṣọ rẹ̀, ẹ̀rín á kún ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, èmi lẹ̀ ń bú lánàá?"

"Ọkọ̀ rẹ ni mo bú. Ìwọ, oníbàárà mi ni ẹ́."

"Ọkọ̀ ò gbọ́ Yorùbá, Bàbá."

"Kí ló dé tó fi dáhùn nígbà náà? Ṣebí mo gbọ́ ọ tó ké fíìì!"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé èéfín kọ́, pé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, ojú Bàbá Àgbà á yí padà. Kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ti ẹ̀bi sórí afẹ́fẹ́. Á ní: "Èéfín kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó dáná ló ń bẹ̀bẹ̀."

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n sọ ìyẹn kí n tó dé ibi tí mò ń lọ. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì mí. Bí àlejò bá wọlé, àárín aṣọ tí a sá ni n ó ti wà, kí wọ́n má bàa bi mí léèrè orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Lásísì, tó ń gbé nílé kejì sí wa, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ló bí mi. Bàbá Àgbà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ó ní kí n máa ká aṣọ, torí pé aṣọ kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ oníbàárà látara ọrùn ẹ̀wù rẹ̀: ẹni tó ń gbọ̀n nítorí ọ̀gá rẹ̀, òógùn á jẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ẹni tó ń ṣe fáàrí, òróró irun ló ń bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò fèsì, ó sì ní, "Ṣé odi lọmọ yìí ni?" Bàbá Àgbà jáde síta, ó dúró síwájú mi.

"Ẹ bi mí ní tèmi," ó ní. "Èmi ni mo lẹ́nu nílé yìí."

Òun ló lẹ́nu nílé náà lóòótọ́.

Ìyá mi ló ń lo áyọ́ọ̀nù. Ìjẹ̀bú ló ti wá fẹ́ bàbá mi. Kò sí ẹni tó lè lọ aṣọ bí i tirẹ̀, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ wo ìlà yìí, ẹ lè fi bẹ́ ata." Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ni ó máa ń wà pẹ̀lú àdògán ẹ̀yinná tó ń fi mú áyọ́ọ̀nù gbóná.

Mo kéré nígbà tí gáàdì kan tó ń bá ọkọ̀ ojú irin rìn lọ sókè Ọya gbé kóòtù òjò rẹ̀ wá. Kóòtù rọ́bà ni. A kò fọ irú rẹ̀ rí. Ẹrẹ̀ àti èébu ti bò ó, ó sì ń rùn, nítorí pé wọ́n ká a ní tútù tì sínú àpótí. Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó ń tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Nígbà tó sì fọ̀ ọ́ tán, ohun tó ń ṣe sí gbogbo nǹkan ló ṣe sí i. Ó sá a sóòrùn. Òórùn èébu náà kò tètè lọ, gáàdì sì ti rìnrìn-àjò, nítorí náà ó ń sá a lójoojúmọ́, ọ̀sán gangan, títí ọkùnrin náà fi dé.

Gáàdì wọ kóòtù náà níṣojú wa. Ó ká apá. Ìgbọ̀nwọ́ kóòtù sán. Ó fẹ́ gbọn èjìká, ẹ̀yìn rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

"Alágbàfọ̀! Kí lo fi kóòtù mi ṣe? Ó rọ̀ bí etí ọmọdé nígbà tí mo gbé e wá!"

Bàbá Àgbà wo kóòtù. Ó wo àyíká, àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de aṣọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí yàrá áyọ́ọ̀nù.

"Ìyàwó! Ṣé o fi áyọ́ọ̀nù kan kóòtù yìí ni?"

Ìyá mi jáde, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Rárá, Bàbá. Mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Kí ló wá ṣe é? Nǹkan kì í kàn ṣàdédé gbẹ bẹ́ẹ̀. Iná ló kàn án."

"Bí iná bá kan rọ́bà, ńṣe ló máa yọ́, á sì rùn. Ẹ gbé e símú, Bàbá. Ẹ gbóòórùn ẹ̀."

Àárín aṣọ ni mo wà, mo ń wò wọ́n. Kóòtù náà wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, kò jìnnà sí imú rẹ̀ rárá. Kò gbé e símú. Ó kọjú sí gáàdì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọdé ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò tán níbẹ̀. Ìyá Lásísì gbé e dórí ahọ́n. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé ẹni tó jó aṣọ oníbàárà tó sì tún purọ́, ọjọ́ wo ni kò ní jó ilé? Bàbá Àgbà ní kí ìyá mi má fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́. Bàbá mi kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ìyá mi fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní bí wọ́n bá pe òun ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dára, òun á gbà, ṣùgbọ́n òun kò lè máa jẹun nílé tí wọ́n ti ń pe òun ní òpùrọ́. Ó di ẹrù rẹ̀. Ọmọ ilé bàbá mi ni mí, wọn kò jẹ́ kó mú mi lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ọwọ́ náà ń rùn fún èédú.

"Mi ò purọ́, Sàfú," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹ pé mo purọ́."

Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo dàgbà sílé tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó purọ́. Bàbá mi fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìgbàkígbà tí ìyá mi bá wá sí Èkó, Ìdó ni mo ti ń lọ rí i, níbi tí lọ́rì Ìjẹ̀bú ti ń já èrò. Kò wọ ilé wa mọ́.

Kóòtù tó bàjẹ́ náà kù sọ́wọ́ wa, gáàdì kò gbé e lọ. Lẹ́yìn tí ìyá mi ti lọ, mo bá Bàbá Àgbà tó jókòó pẹ̀lú abẹ. Ìṣẹ́tí kóòtù náà wà tí wọ́n ká sínú, tí ojú oòrùn kò dé. Ibẹ̀ ṣì rọ̀. Ó gé e sí ọ̀nà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ bi wọ́n lọ́rọ̀ ni."

Ó fi ọ̀kan sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó so èkejì kọ́ sínú yàrá áyọ́ọ̀nù, lókè àdògán, níbi tí ooru ti ń jó ènìyàn lójú ṣùgbọ́n tí òkùnkùn wà. Ó kan ẹ̀kẹta mọ́ ara ògiri lẹ́yìnkùlé, ní gbangba oòrùn. Eré ló jọ lójú mi. Mo máa ń lọ wò wọ́n títí ọyẹ́ fi dé, tó sì lọ.

Lọ́jọ́ tó kó wọn jọ, ó mú ti inú àpótí, ó wé e mọ́ ìka bí òrùka, ó sì nà padà. Ó mú ti orí iná. Ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ká. Ó mú ti ara ògiri. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí òróró. Díẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ó kán pọ́kú. Bàbá Àgbà jókòó sórí agbada ìfọṣọ tó dojú bolẹ̀, ó wo ègé méjèèjì títí.

"Ooru kọ́," ó ní, bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ ni."

Láti ìgbà náà, kò sá ohunkóhun tí ó jẹ́ rọ́bà sóòrùn mọ́. Ó ṣe okùn mìíràn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ta ẹní bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má bàa rí i. Abẹ́ ibẹ̀ ni kóòtù òjò ti ń gbẹ, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn ọmọ. Nígbà tó ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin rí i pé kóòtù tí wọ́n fọ̀ níbòmíràn ń sán, èyí tí a fọ̀ kì í sán. Wọ́n ń ti Ìdó wá, àwọn mìíràn ń ti Mùṣín wá. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá nìyẹn. Bí wọ́n bá bi í léèrè àṣírí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní: "Ọ̀rẹ́ òwú ni oòrùn. Ọ̀tá rọ́bà ni."

Èmi náà ń sọ gbólóhùn yìí fún oníbàárà, mo ń fi yangàn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ni nílé ìwé gbé kóòtù wá, ó sì béèrè ìdí tí a fi ń sá a sábẹ́ ibòji. Ara mi yọ̀ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn rọ́bà mẹ́ta náà fún un: ti inú àpótí, ti orí iná, ti ara ògiri. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

"Ara kóòtù wo ló ti gé e?" ó ní.

Ó kàn béèrè ni. Mo ní ti gáàdì kan ni, ọ̀rọ̀ náà sì ta mí jí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ti mọ ìtàn méjèèjì, n kò gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rí.

Bàbá Àgbà ń ká aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo lọ bá a.

"Bàbá, rọ́bà mẹ́ta ìjọsí, ṣé kóòtù gáàdì lẹ ti gé e?"

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Òun ni."

"Ta ló ba kóòtù yẹn jẹ́?"

"Oòrùn."

"Ta ló sá a sóòrùn?"

Ó gbé aṣọ tó ká tán sórí ìyókù, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. "Èmi ni, Sàfú."

"Ẹ ò sì sọ."

"Nígbà tí mo fi mọ̀, ìyá rẹ ti lọ. Bàbá rẹ ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Alágbàfọ̀ tí oòrùn fi ṣẹ̀sín, ta ni yóò tún gbé aṣọ fún un? Mo ní n ó sọ ọ́ tó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà ń gbẹ sí mi lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbẹ, tí o bá ní o fẹ́ ká a, ńṣe ló ń kán."

Mo sunkún. Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n ránṣẹ́ sí ìyá mi kó wá bá wa ṣe Iléyá, pé níṣojú gbogbo ẹbí ni òun yóò ti sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Mo ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ lọ́rì kan ní Ìdó pé kí Màámi wá, pé Bàbá Àgbà ní ọ̀rọ̀ rere fún un.

Ó wá. Ó gbé gàárì Ìjẹ̀bú dání, ó wọ bùbá funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀, ìlà apá rẹ̀ mú bí ti àtijọ́. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. A jẹun tán, Bàbá Àgbà wú ikọ́, gbogbo ilé kọjú sí i.

"Ìyàwó," ó ní, "ohun tó ti kọjá ti kọjá. Lónìí, níṣojú gbogbo wa, mo dárí jì ẹ́."

Ariwo ayọ̀ sọ. "Àmín! Ẹ ṣeun, Bàbá! Ọkàn yín funfun bí aṣọ yín!" Ìyá Lásísì ń fi etí ìborùn nu ojú. Ìyá mi yí ojú sí mi. N kò mọ bí mo ṣe lè júwe bó ṣe wò mí. Ó dúpẹ́, ó fi ẹran tí wọ́n bù fún un sílẹ̀, ó sì lọ.

Mo wọ yàrá lọ bá Bàbá Àgbà. "Ẹ ní ẹ ó sọ ọ́."

"Ṣebí mo ti ṣí ọ̀nà fún un láti wálé?"

"Bàbá, ẹ ní ẹ *dárí jì í*."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nà án lórí orúnkún, bí ẹni pé ó rún.

"Ojú wọn ti pọ̀ jù, Sàfú."

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni àìsàn gbé e dè. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo ń retí pé yóò pe ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, kó sọ ọ́ fún un. Ó sọ fún mi ibi tí ọṣẹ wà. Ó sọ fún mi oníbàárà tí n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, ilé kún. Àáfà wàásù nípa òtítọ́, ó ní Súnmọ́nù kò fi àbàwọ́n kankan sílẹ̀. Ìyá mi wá, nítorí pé òkú ni, kò sẹ́ni tí kì í wá. Ẹnu ọ̀nà náà ló tún jókòó sí. Nígbà tí wàásù parí, Ìyá Lásísì dìde.

"Ìyàwó, ìwọ tí Bàbá dárí jì kó tó lọ. Wá síwájú níbí. Kúnlẹ̀, kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sùn, káyé lè gbọ́."

Ìyá mi dìde. Ó wá síwájú. Ó ti ń fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ má kúnlẹ̀."

Ohùn mi kéré débi pé ẹnì kan ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Mo dìde dúró. "Èmi ni. Oòrùn ló ba kóòtù yẹn jẹ́. Bàbá Àgbà ló sá a. Ó gé e, ó fi dán oòrùn wò níṣojú mi, ó sì mọ̀. Lọ́dún tó kọjá mo bi í, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi."

"Sàfúrátù!" Ìyá Lásísì pariwo. "Òkú lò ń bá jà?"

"Rárá, Ìyá. Alààyè ni mò ń gbèjà."

Àáfà gbé ọwọ́ sókè kí ariwo lè rọlẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé o lè fi Ọlọ́run búra?"

"Mo lè búra, Àáfà."

Nígbà náà ni bàbá mi, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sọ̀rọ̀ láìgbé orí sókè. "Mo rí rọ́bà náà lára ògiri nígbà yẹn. Mo mọ kóòtù tó ti wá. Mi ò béèrè."

Ìyá mi wò ó. Ó kọjú sí mi.

"Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún ẹ?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni, Màámi."

Kò sunkún. Ó jọ̀wọ́ ìró rẹ̀, ó jábọ́ padà dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gba àárín gbogbo èrò kọjá lọ síbi ẹní tí àwọn ìyàwó ilé jókòó sí, ó dúró síwájú wọn.

"Ẹ sún," ó ní.

Wọ́n sún.